Wíwa ọkọ̀ lórí ọ̀nà oko ní Afijió

Wíwa ọkọ̀ lórí ọ̀nà oko ni kí ènìyàn máa wa jíìpù, alùpùpù tàbí ọkọ̀ mìíràn tó lágbára lórí ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí, yálà nítorí iṣẹ́ tàbí fún ìgbádùn. Ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Nàìjíríà, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló so àwọn ìlú bíi Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn àti Jọbẹlẹ mọ́ àwọn abúlé àti oko tó yí wọn ká. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ la èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, àwọn awakọ̀ tó bá fẹ́ kóra jọ láti fi ọkọ̀ wọn ṣeré ní agbègbè náà ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀nà, ẹni tó ni ilẹ̀ tí ọ̀nà gbà kọjá, àti ẹni tó gbin nǹkan sí etí rẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá àti nínú òfin Nàìjíríà, àyè láti fẹsẹ̀ kọjá lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn kò túmọ̀ sí àyè láti wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Ọ̀nà oko ni orúkọ gbogbogbòò fún ọ̀nà tó ti ìlú tàbí abúlé wọ inú oko. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni èyí tí kò fẹ̀ ju ohun tí ẹni tó ń rìn lè gbà lọ. Ọ̀nà mọ́tò ni èyí tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè gbà, yálà ọ̀dà wà lójú rẹ̀ tàbí kò sí. Àlàfo tó wà láàárín ebè kan sí èkejì ni à ń pè ní poro. Poro kì í ṣe ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ oko lè rò pé ọ̀nà ni, pàápàá lẹ́yìn ìkórè.

Jíìpù ni orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gíga tó lè gba ojú ọ̀nà tí kò dán, láìka ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n sí. Ara ọkọ̀ Jeep tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni orúkọ náà ti wá. Ohun tó mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé bí méjì bá rì sínú ẹrẹ̀, méjì tó kù lè fà á jáde.

Ìtàn

Agbègbè Afijió ní ipò pàtàkì nínú ìtàn ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tó gba Fìdítì kọjá, ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Ọdún 1906 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí lo ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Reluwé ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ ojú irin síwájú, ọ̀nà Òṣogbo ló gbà, kò gba Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ ni wọ́n wá fi so ìlú Ọ̀yọ́ mọ́ ibùdókọ̀ ojú irin tó wà ní Ìbàdàn. Ní ìgbà náà, kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà yìí. Èyí fi hàn pé wíwa ọkọ̀ lórí erùpẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn ará Fìdítì àti Ìlọrà: erùpẹ̀ ni ọkọ̀ kọ́kọ́ bá níbẹ̀.

Ní ọdún 1959, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀, èyí tí wọ́n fi àpẹẹrẹ rẹ̀ jọ ti orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì. Èrò wọn ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé rí ilẹ̀ àti ilé, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ìlọrà wà lára àwọn ìlú tí wọ́n dá irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sí. Ní ọdún 1986, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dá àjọ DFRRI sílẹ̀ láti máa rí sí oúnjẹ, ojú-ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ní ìgbèríko. Ní ọdún 2020, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 280 dọ́là fún ètò RAAMP, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún ọ̀nà ìgbèríko ṣe kí irè oko lè dé ọjà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń kópa nínú ètò náà.

Àwọn ọkọ̀ tó ń gba irú ọ̀nà wọ̀nyí náà ní ìtàn tiwọn. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde fún aráyé rí ní ìlú Amsterdam, ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni ọkọ̀ tí àgbẹ̀ lè lò lóko. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Leyland Nigeria to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover pọ̀ ní Ìbàdàn. Lóde òní, ọ̀kadà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíkó ènìyàn àti ẹrù lórí ọ̀nà oko.

Ilẹ̀ àti ojú-ọjọ́

Afijió wà ní ibi tí igbó ti ń yí padà di ọ̀dàn. Òjò sábà máa ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá, ó sì máa ń dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Láti oṣù Kọkànlá ni ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń gorí ilẹ̀, tí ọyẹ́ yóò sì máa fẹ́. Lórí òkè, yangí ló sábà máa ń wà lójú ọ̀nà. Ó le, ó sì ń gba táyà dúró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọ̀nà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, amọ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, létí odò, ni àkùrọ̀ máa ń wà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà tí ilẹ̀ òkè bá ti gbẹ.

Òjò ló ń pinnu bóyá ọ̀nà oko lè gba jíìpù láìbàjẹ́. Bí ọkọ̀ tó wúwo bá gba ojú amọ̀ tó rin, táyà rẹ̀ yóò gbẹ́ kòtò gígùn méjì síbẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn náà yóò gba inú kòtò méjèèjì ṣàn, yóò di àgbàrá, yóò sì máa jẹ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà tẹ́lẹ̀ lè di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gùn kọjá. Fìdítì jẹ́ ìlú tí a mọ̀ sí èso, pàápàá ọsàn. Ọsàn kò sì ní sùúrù: bí ọkọ̀ akẹ́rù kò bá lè wọ inú oko lásìkò, àgbẹ̀ yóò san owó fún ẹni tó máa rù ú jáde lórí, tàbí kí èso náà jẹrà sídìí igi. Ìrìn-àjò ìgbádùn wákàtí méjì lè tipa bẹ́ẹ̀ ná àgbẹ̀ ní èrè ọdún kan.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ewu tirẹ̀. Sálẹ́ǹsà ọkọ̀ tó ti gbóná lè mú kí koríko gbígbẹ gbaná, iná bẹ́ẹ̀ sì lè ràn dé oko kajú, oko máńgòrò tàbí abúlé kí ẹnikẹ́ni tó lè pa á.

Oríṣi ọ̀nà àti àwọn tó ni wọ́n

Ọ̀nà tó wà ní Afijió ṣeé pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkíní ni ọ̀nà ìjọba. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin, tó gba ẹ̀gbẹ́ Fìdítì àti Ìlọrà, jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ní ti àwọn kéékèèké, Àfikún Kẹrin nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ṣíṣe àti títún ọ̀nà ṣe sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà ìjọba ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀ tó ní ìwé, yálà ọ̀dà wà lójú rẹ̀ tàbí erùpẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n eré sísá, ìdíje tàbí dídí ọ̀nà mọ́ àwọn mìíràn kò sí lára ohun tí a ṣí i sílẹ̀ fún.

Èkejì ni ọ̀nà àjọni, èyí tí àwọn ará abúlé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ là, tí wọ́n sì ń para pọ̀ ṣán etí rẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín. Baálẹ̀ àti àwọn àgbà abúlé ló ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà ẹbí, tó wọ inú ilẹ̀ ẹbí kan, tó sì sábà máa ń parí síbẹ̀. Àlejò lè gba ibẹ̀ kọjá lọ kí ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹbí ló ni àṣẹ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ipa ẹsẹ̀ màlúù. Ó máa ń fẹ̀, ó sì máa ń mọ́ lójú, tó fi jẹ́ pé àjèjì lè rò pé ọ̀nà mọ́tò ni. Kì í ṣe ọ̀nà rárá. Láti ọdún 2019 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní òfin tó ka fífi ẹran jẹko kiri ní gbangba léèwọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọkọ̀ tẹ̀lé irú ipa bẹ́ẹ̀ ń wọ inú oko olóko ni.

Àwọn àmì kan wà tí a fi ń dá ọ̀nà mọ̀ kí a tó rí ẹni tí a ó bi léèrè. Ọ̀nà tó so abúlé méjì pọ̀, tí afárá tàbí ọ̀nà omi oníkọnkéré sì wà lójú rẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ti ìjọba tàbí ti àjọni. Èyí tó parí sí abà kan ṣoṣo sábà máa ń jẹ́ ti ẹbí. Ìlà pèrègún tó dá ọ̀nà kọjá sábà máa ń jẹ́ ààlà, ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó wà níwájú jẹ́ ti ẹlòmíràn, a sì ní láti gba àṣẹ mìíràn. Àmì nìkan kò tó láti fi ṣe ìpinnu, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí a mọ irú ìbéèrè tí a ó bi àwọn ará ibẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Lílo Ilẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro wà lábẹ́ àmójútó ìjọba ìbílẹ̀. Òfin yìí kò gba oko lọ́wọ́ olóko. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ kí òfin náà tó dé ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, a sì kà á sí ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ fún ní àṣẹ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan máa ń sọ, pé “ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gba ibi tó bá wù ú”, kò bá òfin yìí mu.

Kí òfin yìí tó dé rárá ni ilé-ẹjọ́ ti mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí àti ilẹ̀ ìlú ní olóhun. Nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, tó ti Èkó dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdájọ́ ọdún 1921 gbà pé àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ gidi lórí ilẹ̀ wọn, àti pé olóyè tó wà nídìí rẹ̀ ń dì í mú fún gbogbo wọn ni. Ìlànà tí àwọn ilé-ẹjọ́ ń tẹ̀lé ni pé ọmọ ẹbí kan kò lè dá nìkan ta ilẹ̀ ẹbí tàbí kí ó dá nìkan fi í sílẹ̀ fún àlejò. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nítorí èyí, owó tí awakọ̀ bá san fún ọmọ onílẹ̀ tó kàn dúró lójú ọ̀nà kì í ṣe àṣẹ.

Ẹni tó bá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ lè rí ara rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́, kódà bí kò bá ba ohunkóhun jẹ́. Ẹni tí ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ náà. Àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ ẹbí mìíràn wà lára wọn, nítorí náà àṣẹ onílẹ̀ nìkan kò tó bí irè ẹlòmíràn bá wà lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba irè oko jẹ́ ti ṣẹ̀ sí òfin ìwà ọ̀daràn.

Ní ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 18, kí ó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò tó ń dáàbò bo ẹlòmíràn. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ló ń mójú tó ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ló yọ ìdíje àti eré sísá kúrò nínú ohun tí wọ́n máa sanwó fún, ó sì yẹ kí a ka ìwé náà dáadáa kí a tó gbéra.

Àwọn ibi tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀

Àwọn ibì kan wà tí àṣẹ ẹnì kan kò lè ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀. Igbó Orò àti igbàlẹ̀ egúngún wà lára wọn. Àwọn tó ń bọ Orò kì í fẹ́ kí ẹni tí kò sí nínú awo wọ ibẹ̀, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fojú kan Orò. Bí ọjọ́ Orò bá bọ́ sí ọjọ́ ìrìn-àjò, ọjọ́ ìrìn-àjò ló yẹ kí a yí padà, àwọn ará ìlú ló sì lè sọ ọjọ́ náà fún àlejò. Ojúbọ, itẹ́ òkú àti orísun omi tí àwọn ará abúlé ń pọn kì í ṣe ibi ọkọ̀.

Àkùrọ̀ náà kò ṣeé wọ̀ nígbàkigbà. Ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, táyà sì lè yí ipa omi padà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀fọ́ tó ń dúró dè é. Oko ẹ̀gẹ́ tó dà bíi pé wọ́n ti pa á tì lè ṣì ní irè nínú, nítorí pé àgbẹ̀ lè fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ títí di ìgbà tí yóò lò ó. Nínú igbó tó wà létí oko, ọdẹ lè ti dẹ pàkúté tó lè ṣe ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ léṣe.

Bí a ṣe ń gba àṣẹ

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Ní Afijió, ibi mẹ́ta ni ìbéèrè náà ń dé. Èkíní ni sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Jọbẹlẹ, níbi tí a ti lè mọ ọ̀nà tó jẹ́ ti ìjọba àti èyí tí iṣẹ́ ń lọ lójú rẹ̀. Èkejì ni ààfin ìlú tó ni àwọn abúlé náà. Ẹ̀kẹta ni abúlé fúnra rẹ̀: ọ̀dọ̀ baálẹ̀, olórí ẹbí, àti àgbẹ̀ tó ń dáko létí ọ̀nà.

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ awakọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n gun ọ̀kadà tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín. Bí ọ̀wọ́ jíìpù bá ṣàdédé ya wọ abúlé, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ ba àwọn ará ibẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ajínigbé. Bí wọ́n bá bá àgbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, “Àroko-bọ́dún-dé o” ni kíkí rẹ̀. Ẹni tó bá kéré yóò fi “ẹ” bá àgbà sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ni ọkọ̀ olówó ńlá. Obì tàbí ọtí tí a bá mú dání jẹ́ ti ìkíni. Kì í ṣe owó àṣẹ, kò sì lè dípò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ti gbà, ó dára kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ìwé náà yóò sọ ọjọ́ àti wákàtí, iye ọkọ̀, ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, orúkọ ẹni tó máa dáhùn fún ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe san owó ohun tó bá bàjẹ́. Olórí ẹbí tàbí baálẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí yóò sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Bí owó bá wà nínú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà. Àṣẹ náà kì í ju ọ̀nà àti ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ lọ.

Ó tún yẹ kí a fi tó àgọ́ ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn létí. Ọdún 2020 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi òfin gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀, àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ abúlé sì wà lára àwọn tó mọ inú igbó jù.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gun òkè líle, tàbí tó fẹ́ fi ọkọ̀ wọ ẹrẹ̀ léraléra, kò yẹ kó ṣe é lórí ọ̀nà àjọni rárá. Ohun tó rọrùn jù fún un ni kó bá ẹbí kan ṣe àdéhùn láti háyà ilẹ̀ tí kò ní irè lórí fún ọjọ́ mélòó kan. Níbẹ̀, ọ̀nà ọjà ẹnikẹ́ni kò ní bàjẹ́, onílẹ̀ náà yóò sì rí owó.

Ìwà lójú ọ̀nà

Àwọn awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ fi ẹsẹ̀ wo ẹrẹ̀ tàbí odò kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Lórí yanrìn, wọ́n máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ó lè tẹ́ sílẹ̀, kí ó má baà rì, wọ́n á sì tún un fẹ́ kí wọ́n tó padà sí ojú ọ̀dà. Bí ọkọ̀ bá rì, bẹ́líìtì fífẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ìdí igi láti fà á, nítorí pé ṣéènì tàbí okùn irin máa ń bó èèpo igi, igi náà sì lè kú. Igi eléso kì í ṣe ohun tí a ń so okùn mọ́ láìbi olóko léèrè.

Lórí ọ̀nà oko, ẹni tó rù ló ni ọ̀nà: jíìpù ló yẹ kó yà fún ọ̀kadà tó kó ọsàn, àti fún obìnrin tó ru ẹ̀gẹ́. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ìrìn-àjò ọjọ́ náà ti parí, bí àṣẹ bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́. Bí táyà bá gun ebè ẹnì kan, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni a ó lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti padà délé. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ lè wá sí ọjọ́ ọ̀wẹ̀ tí wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, kí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ kó yangí dí kòtò.

Ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Àtijọ́

Yàtọ̀ sí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀, ọ̀nà erùpẹ̀ tún wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba dá sí. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní ìhà àríwá Afijió ni Ọgbà Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́ Àtijọ́, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, ọdún 1991 ni ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọba Aláàfin ní ìgbà àtijọ́, wà. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn alákòóso ọgbà, nítorí pé wíwọ inú rẹ̀ láìgbàṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn igbó ọba tó wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ wọn, ọ̀dọ̀ wọn sì ni a ti ń gba àṣẹ.

Àfiwé pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ọdún 1949 ní kí àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè ya àwòrán ilẹ̀ tó fi gbogbo ọ̀nà tí ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí hàn. Àwòrán náà ló ń sọ èyí tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, ti ẹlẹ́ṣin, àti èyí tí ọkọ̀ lè gbà. Òfin mìíràn tó jáde ní ọdún 2006 pa ẹ̀tọ́ ọkọ̀ rẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí wọn kò tíì kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ọkọ̀. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti fẹsẹ̀ rìn, gun ẹṣin tàbí gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì kúrò. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Richard Nixon fi àṣẹ kan lélẹ̀ ní ọdún 1972 pé kí àwọn àjọ ìjọba pinnu ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbà lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Láti ọdún 2005 ni ìlànà ti wà pé kí àjọ tó ń ṣọ́ igbó tẹ àwòrán àwọn ọ̀nà náà jáde fún igbó kọ̀ọ̀kan. Ohun tí gbogbo wọn fi jọ àṣà Yorùbá ni pé wọ́n ya ẹ̀tọ́ ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ táyà.

Àwòrán ilẹ̀ àti àkọsílẹ̀

Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ya àwòrán ilẹ̀ tí sẹ̀ǹtímítà kan rẹ̀ dúró fún ìdajì kìlómítà, tó sì ń fi ọ̀nà kéékèèké hàn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, OpenStreetMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀nà tó bá mọ̀ kún un. Àwọn méjèèjì ń sọ pé ọ̀nà wà ní ibì kan. Wọn kò sọ ẹni tó ni ín, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ bóyá àgbẹ̀ ti gbin ẹ̀gẹ́ sójú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti yà á. Ẹni tó bá ń fi ọ̀nà Afijió kún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè kọ ọ́ síbẹ̀ bí ọ̀nà náà bá jẹ́ ti ẹbí, kí àlejò tó bá rí i lórí fóònù lè mọ̀ pé òun ní láti kọ́kọ́ bi ẹbí náà léèrè.